Obìnrin Tó Ya Àrùn Abilà

Kí ó tó di pé ó ń ya ewé, ilẹ̀ ni ó ń yà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ọ́fíìsì àwọn sọ́féyọ̀, àwọn tó ń wọn ilẹ̀, pé kí wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí yóò gbé e ró. Wọ́n fún un ní tábìlì kan tó dagun, rúlà irin àti ìgò yíǹkì dúdú. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ kò ju gbólóhùn kan lọ: bí ìlà bá wọ́, ẹjọ́ dé. Bí ààlà ilẹ̀ bá fi bí irun orí yẹ̀ lójú bébà, ọmọ ìyá méjì lè tìtorí ẹ̀ má kí ara wọn mọ́. Ọdún mẹ́jọ ni ó fi fa ìlà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa kúrò, ó lè fa ìlà tó gùn tó apá láìfọwọ́ kan rúlà, kí èèyàn wá fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò, kó má rí àléébù kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọwọ́-ò-gbọ̀n. Orúkọ náà bá a dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì mọ́ ọn lára.

Èmi tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jókòó kọjú sí i nínú yàrá kan náà. Àǹtí ni mò ń pè é, torí pé ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, àti torí pé òun ló fi ibi tí wọ́n ń tọ́jú ife sí hàn mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, nígbà tí kò sẹ́ni tó wo ibi tí mo wà.

Àrùn àgbàdo là ń ṣọ́ níbi iṣẹ́ wa, bí ọdẹ ṣe ń ṣọ́ olè. Èyí tó fa iṣẹ́ wa jù ni àrùn abilà. Bakitéríà ló ń fà á, ẹ̀dá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Ojú ihò tí ewé fi ń mí ló máa ń gbà wọlé, á wá máa jẹ ewé lọ gbọọrọ láàárín iṣan àti iṣan, títí ewé á fi dà bí aṣọ abilà. Ewé tó bá ti gbẹ bẹ́ẹ̀ kò lè bọ́ igi rẹ̀ mọ́, ọmọ tó bá so á fúyẹ́ lọ́wọ́. Kò sí oògùn fífín tó ràn án. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ èèyàn ni kó má jẹ́ kó wọ ilẹ̀ òun rárá. Orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló fọwọ́ sówọ́ pọ̀ lórí ẹ̀, tí wọ́n ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gba ìròyìn náà, kí n sì fi píìnì olórí pupa gún máàpù ara ògiri níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i.

Olórí yàrá wa ni gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà Ewé. Ìwé tó kà kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ máa ń ní dókítà tí kò lè wo ọ̀fìnkìn, kí ló ń jẹ́ dókítà sí. Ọkùnrin gíga kan ni, tó máa ń tẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ jábọ́ sílẹ̀. Kì í jágbe mọ́ èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe àṣìṣe, ohun tó máa sọ ni pé, "Gbé e wá, ká jọ wò ó."

Lọ́dún tí àrùn abilà dá òkun kọjá dé apá ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò lẹ́nubodè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí wa. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àrùn eérú, èyí tó ti wà láti ayé àwọn bàbá wọn, tí oògùn fífín sì ń kápá. Àwa ní awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, a sì lè rí bakitéríà náà kedere. Àwọn kò ní. Ẹnubodè mìíràn wà tí kò ní ju tábìlì àti agboòrùn lọ. Dókítà ní ohun tó yẹ wọ́n ni káàdì tó lè wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, tí a ya àrùn méjèèjì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n lè gbé e ti ewé, kí wọ́n sì mọ èyí tó jẹ́.

Ó kó ewé mẹ́ta fún Àǹtí, ewé tí wọ́n ti tẹ̀ sáàárín bébà láti nǹkan bí oṣù méjì. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi yà á. Ewé gbígbẹ máa ń ká jọ, etí àwọn ìlà ara rẹ̀ sì ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ipa kòkòrò lórí iyanrìn. Àǹtí rò pé gbígbẹ ló wọ́ wọn. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó tún wọn ṣe bó ṣe máa ń tún ààlà ilẹ̀ ṣe láyé ọjọ́ sí: ó fà wọ́n gbọọrọ, ó fà wọ́n tọ́, ó wá fi àwọ̀ tó dà bí osùn kùn wọ́n ní ẹ̀sọ̀pẹ̀lẹ̀.

N kò ní parọ́, àwòrán náà rẹwà. Dókítà gbé e lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, ó wò ó títí.

"Ọwọ́-ò-gbọ̀n," ó ní, "ewé yìí gún ju èyí tí Ọlọ́run dá lọ."

A rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fetí sí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló wo àwòrán náà tó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, pé ìlà àrùn abilà gùn, ó sì tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Ó buwọ́ lù ú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì pín in fún àwọn ẹnubodè àti àwọn àgbẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kọjá. Píìnì tuntun tí mo gún kò ju mẹ́fà lọ, inú wa sì ń dùn. A ò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá rán láti wá ewúrẹ́ funfun kò ní ka dúdú sí, bó tilẹ̀ ń jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ. Wọ́n fi ewé tútù ránṣẹ́ sí wa láti oko kan, wọ́n fi bébà tó rin wé e. Dókítà gé bí èékánná kan lára rẹ̀, ó fi sínú ẹ̀kán omi lábẹ́ awò, ó rí bakitéríà tó ń tú jáde bí èéfín. Abilà ni. Ó kó ìyókù fún Àǹtí pé kó yà á fún ìwé tuntun tí a fẹ́ ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àǹtí gbé ewé náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Àwọn ìlà náà ń mọ́ gaara bí bébà tí epo kán sí, etí wọn sì ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Ewé tútù ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lánàá ni. Mo gbọ́ tó fa àpótí tábìlì rẹ̀ ṣí. Ó mú káàdì jáde, ó wo káàdì, ó wo ewé, ó tún wo káàdì. Lẹ́yìn náà ó ti àpótí náà padà.

"Àǹtí, ṣé kò sí?"

"Kò sí. Ojú ló ń dùn mí."

Ní bí agogo mẹ́ta, ó lọ kan ilẹ̀kùn Dókítà. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ọkùnrin náà fẹ̀yìn tì. Àwọn orílẹ̀-èdè mọ́kànlá náà fẹ́ ṣe ìpàdé ní ọgbọ̀njọ́ oṣù yẹn, wọ́n sì ti ní kó wá sọ̀rọ̀ lórí káàdì, kí àwọn lè yẹ́ ẹ sí. Àǹtí bá a níbi tó ti ń wọ kóòtù tuntun wò, apá kan ti wọlé, ìkejì ń wá ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà."

"Tó bá jẹ́ kékeré, jẹ́ kó dúró. Wá bá mi wo apá kóòtù yìí. Ìyàwó mi ní ó mọ níwọ̀n, èmi ní wọ́n rán an fún ọkùnrin mìíràn."

Àǹtí bá a fà á wálẹ̀. Ó ní ó mọ níwọ̀n. Fóònù dún, Dókítà gbé e, Àǹtí sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé "kékeré" tí òun pè é yẹn ni òun fi kọ́kọ́ parọ́.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìbejì, máa ń tún aago ṣe. Lówùúrọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, tí àwọn ọmọ ti jáde, Àǹtí jókòó tì í níbi tó ti ń to irin aago wẹ́wẹ́ sórí aṣọ funfun.

"Bàbá Ìbejì, bí èèyàn bá ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́, tí ẹnì kankan ò tíì rí i ńkọ́?"

"Ṣé ó ń pa èèyàn lára?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé wọ́n bi ẹ́?"

"Rárá."

"Wọn ò bi ẹ́, o fẹ́ dáhùn." Kò gbójú sókè. "Dókítà yín yẹn ni, àbí? Jẹ́ kí bàbá yẹn gba iyì rẹ̀ kó lọ sílé. Tó bá ti lọ tán, ẹ tún káàdì yín tẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

Ìmọ̀ràn tó bá ti bá ohun tó wà lọ́kàn ẹni mu kì í pẹ́ kó tó dénú. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ ju ohun tó sọ fún un lọ, kò sì sọ púpọ̀. Láti ọjọ́ kejì ni Àǹtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán mìíràn nílé, lórí tábìlì oúnjẹ. Ó ya ìlà kọ́lọkọ̀lọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá náà ló tún gbà á. Nígbà tó parí, ó fi í sínú fáìlì, ó gbé e wá síbi iṣẹ́, ó sì tì í sábẹ́ àwọn bébà tó wà nínú àpótí tábìlì rẹ̀, kó máa dúró de ìgbà tí Dókítà bá lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù, fóònù dún lórí tábìlì mi. Obìnrin kan ni, tó ń yẹ ẹrù wò lẹ́nubodè orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù wa. A ò fojú kan ara wa rí, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti ń sọ̀rọ̀. Mo mọ èyí tó mọ ìṣirò nínú àwọn ọmọ rẹ̀ àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan nípa káàdì yín," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò rí bó ṣe máa ń rí. "Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lọ́rì mẹ́rìnlá kọjá lọ́dọ̀ mi. Pòròpórò àgbàdo dídì ni wọ́n kó, fún màlúù. Mo rí ìlà lára ewé rẹ̀, mo mú káàdì jáde. Ìlà inú káàdì tọ́. Èyí tí mo rí ń wọ́ bí ejò. Mo ní kì í ṣe òun nìyẹn, mo lu òǹtẹ̀ fún wọn. Àná ni àwọn ará yunifásítì wa wá sọ pé òun ni. Wọ́n sì ti tú ẹrù yẹn sí oko bí ogún. Ṣé èmi ni mi ò mọ nǹkan wò ni?"

Mo fọwọ́ bo ẹnu fóònù, mo sọ ohun tó wí fún Àǹtí. Ó dìde, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀yin kọ́, ìyá," ó ní. "Ẹ wò ó dáadáa. Káàdì ni kò dáa."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ti gbọ́ ohun tó wí, ó ti jáde sí wa. Ó ní kí n mú ewé tútù kan wá látinú fíríìjì, ó gbé e ti káàdì, ó sì wo méjèèjì.

"Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti ṣàkíyèsí èyí tẹ́lẹ̀?"

Èmi kò tíì ṣàkíyèsí ẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Àǹtí ń wo ilẹ̀. Dókítà kò dúró dè é, torí kò sí ohun tó mú un fura. Ó ní ká fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀, ká máa pe àwọn ẹnubodè. A pín wọn mẹ́ta. Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n. Kí agogo mẹ́rin tó lù, a ti pe gbogbo wọn tán, a ti ní kí wọ́n fa káàdì ya, kí wọ́n sì dá ohunkóhun tí ìlà rẹ̀ bá wọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ ìdajì ọjọ́ ni.

Ìpàdé ọgbọ̀njọ́ oṣù kò sún síwájú. Yàrá ńlá kan ni, àwọn èèyàn jókòó yí tábìlì ká, àwọn àlejò wà lẹ́yìn wọn. Èmi àti Àǹtí wà lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú àwọn bébà lórí ẹsẹ̀. Dókítà wọ kóòtù rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán náà sára aṣọ funfun ògiri, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà yẹ ohùn rẹ̀ wò, ó ní:

"Orúkọ mi ló wà lábẹ́ káàdì yìí. Ohun tí mo ní kí ẹ máa wá, kì í ṣe ohun tó wà lára ewé. Ẹ̀bi mi ni."

Kò dárúkọ ayàwòrán. Ẹnì kan béèrè bóyá Dókítà nìkan ló yẹ̀ ẹ́ wò, Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Olórí ìpàdé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ tó kàn. Ẹ̀bùn tí wọ́n ti gbé sórí tábìlì kékeré kan lápá ẹ̀yìn, wọn ò mẹ́nu kàn án. Mo gbọ́ tí Àǹtí mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rò pé ó fẹ́ dìde. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé òun fẹ́ dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó to àwọn bébà orí ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Dókítà fẹ̀yìn tì. A mu tíì, a jẹ bisikíìtì, ó nu awò rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, ó sì lọ.

Ọ̀gá tuntun dé lọ́jọ́ Ajé. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni àwòrán tuntun, kíákíá. Àǹtí fa àpótí tábìlì rẹ̀ ṣí, ó yọ fáìlì, ó gbé àwòrán náà lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá tuntun ní òun ò tíì rí òṣìṣẹ́ tó yá báyìí rí. Èmi jókòó síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń gba ọjọ́ mọ́kànlá.

Mo tẹ̀ lé e dé orí àtẹ̀gùn nígbà tí a fẹ́ lọ sílé.

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ yà á?"

Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láti ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ. Nígbà tó parí, mo ní kó jẹ́ ká lọ sọ ọ́. Ó ní òun máa sọ ọ́. Mo gbà á gbọ́, n kò sì tún gbé ọ̀rọ̀ náà sókè mọ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò sì lè gbé e ru ẹlòmíràn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, píìnì tó wà ní gúúsù di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lọ́dún kejì, wọ́n rán àwa méjèèjì lọ síbẹ̀ láti lọ wo oko. Bàbá arúgbó kan ló mú wa yí oko rẹ̀ ká. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fín oògùn, ó rò pé àrùn eérú ni, ewé sì ń gbẹ lọ níwájú rẹ̀. Ó já ọmọ àgbàdo kan, ó fún mi pé kí n gbé e wò. Ó fúyẹ́ bí ìgbálẹ̀. Nígbà tí a wọ ilé rẹ̀ láti mu omi, káàdì wa àtijọ́ wà lára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fi ìṣó kan án.

"Wọ́n ní ká fà á ya," bàbá náà ní, "ṣùgbọ́n ó rẹwà jù. Mi ò lè sọ ọ́ nù."

Àǹtí gbé ife omi sílẹ̀. "Èmi ni mo yà á, bàbá."

"Ẹ̀yin? Ọwọ́ yín dáa o."

"Kò dáa, bàbá. Mo yà á bí kò ṣe rí. Òun ni wọ́n wò tí wọ́n fi jẹ́ kí àrùn yìí wọlé tọ̀ yín wá."

Bàbá náà wò ó, ó wo káàdì. Kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kò burú. Ó kàn bi wá bóyá a fẹ́ omi sí i. Nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí a ń bọ̀, Àǹtí ní tí a bá dé, òun á lọ sọ́dọ̀ Dókítà, ó sì ní kí n bá òun lọ, torí tó bá ku òun nìkan, òun á yà lọ́nà.

A bá Dókítà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tó ń fi ayùn rẹ́ ẹsẹ̀ àga kan tó gùn ju ìyókù lọ. Inú rẹ̀ dùn láti rí wa. Ó béèrè ìbejì, ó béèrè bóyá ọ̀gá tuntun ń jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan awò. Àǹtí jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé fún un.

"Ọ̀gá, mo wá sọ nǹkan tó yẹ kí n ti sọ. Àwọn ìlà tó wà lára ewé tí ẹ kó fún mi, wọ́n wọ́. Mo rò pé gbígbẹ ni. Èmi ni mo fà wọ́n tọ́."

"Mo mọ̀. Mo tún àwọn ewé yẹn wò kí n tó kúrò." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni mo buwọ́ lù ú láìgbé ewé tì í. Ìwọ ò rí i, èmi ò rí i. Ṣé ìyẹn lo torí ẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì wákàtí méjì?"

Àǹtí lè fi ọ̀rọ̀ mọ bẹ́ẹ̀. Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ kó fi mọ bẹ́ẹ̀.

"Kò tíì tán, Ọ̀gá. Kí obìnrin yẹn tó pè wá ni mo ti rí i. Ọjọ́ kẹta oṣù ni mo ti rí i."

Dókítà gbé ayùn sílẹ̀. "Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọn lọ́rì yẹn kọjá lọ́jọ́ kẹsàn-án."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Mo bi yín. Mo ní ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣàkíyèsí ẹ̀."

"Ẹ bi wá."

"Kí ló wá dé?"

"Ó ku díẹ̀ kí ẹ fẹ̀yìn tì. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́ fún yín."

"Torí mi lo ṣe dákẹ́?"

Àǹtí ronú sí i. "Rárá. Torí ara mi ni."

Ọkùnrin náà nu ìyẹ̀fun pákó kúrò lára ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ìlà tó tọ́ yẹn, àwa méjèèjì la ni ín," ó ní. "Mo ti ń bá ẹ gbé e, mi ò sì ṣàròyé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà yẹn, mi ò lè bá ẹ gbé e. Mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa gbé e."

Kò pariwo. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, a mu ún. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó sìn wá dé ibùdókọ̀, ó gba báàgì Àǹtí gbé, èmi ló sì ń bá sọ̀rọ̀ títí bọ́ọ̀sì fi dé.

Àǹtí kọ lẹ́tà méjì lọ́sẹ̀ yẹn. Ó kọ ọ̀kan sí ọ̀gá tuntun, ẹni tó kà á tán, tó ní ọ̀rọ̀ tó ti kọjá ni, tó sì fi sínú fáìlì. Ó kọ ìkejì sí ibi iṣẹ́ obìnrin ẹnubodè yẹn. Lẹ́yìn òǹtẹ̀ tó lù yẹn, wọ́n ti gbé obìnrin náà kúrò nídìí ẹrù lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé kò mọ iṣẹ́. Nítorí lẹ́tà Àǹtí, wọ́n pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò padà. Ó ti gba iṣẹ́ níbòmíràn. Ó pe Àǹtí lórí fóònù mi.

"Mo gbọ́ nípa lẹ́tà yín," ó ní. "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mi ò gbà pé káàdì ni, fún ọdún méjì ni èmi náà sì fi gbà pé ojú mi ò dáa. Mo tiẹ̀ lọ ra awò ojú."

Àǹtí ní kó má bínú. Obìnrin náà ní òun ò bínú mọ́, ó ti rẹ òun ni. Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Àrùn abilà kò kúrò ní gúúsù, a ò sì retí pé kó kúrò mọ́. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni bí kò ṣe ní lọ sókè sí i. Fọ́tò ni àwọn ẹnubodè ń fi ránṣẹ́ sí wa láti orí fóònù, kò sẹ́ni tó ń ya ewé mọ́. Dókítà kú lọ́dún tó kọjá. Àǹtí lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó sì kúrò kí ìyàwó rẹ̀ tó rí i. Òun náà ti fẹ̀yìn tì. Ojú Bàbá Ìbejì ti ń ṣú, nítorí náà Àǹtí ló ń bá a mú àwọn irin aago wẹ́wẹ́ yẹn. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní oṣù tó kọjá, ọkọ rẹ̀ sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ní ohùn jẹ́jẹ́, pé ká ní òun mọ ohun tó ń bi òun lówùúrọ̀ Sátidé yẹn ni, òun ì bá ti gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà fúnra òun. Mo ní mo gbà á gbọ́. Mo wọlé, Àǹtí ń to irin aago sórí aṣọ funfun, ó sì ní kí n jókòó.